Ẹrù Àlejò Lórí Òṣùwọ̀n Wa

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kì í fi nǹkan kún nǹkan. Bí ẹ bá bi í bí ibi iṣẹ́ ṣe jìnnà sílé rẹ̀ tó, kò ní sọ pé ó jìnnà, kò sì ní sọ pé kò jìnnà. Ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé mọ́kànlá ni yóò sọ fún yín, nítorí ó ti kà á lọ, ó ti kà á bọ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo wa níbi iṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Máfikún. Bí ẹni tuntun bá dé, tó kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ńlá," á ní, "Ọ̀gá ni mí. Ta ló fi ńlá kún un?"

Lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú, ilé rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú mi lọ. Mo jẹun nínú àwo rẹ̀, mo wọ bàtà rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, òun náà ló sì mú mi wọ ibi iṣẹ́ tó ń ṣe. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin báyìí, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti wà nílẹ̀ tí kì í ṣe tèmi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń pè mí ní àbúrò.

Ibi tí wọ́n ti ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè ni ibi iṣẹ́ wa. Ẹ má jẹ́ kó wú yín lórí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiwa. Orílẹ̀-èdè ńlá kan ló ń gbé e wá, tó sì ń kọ́ wa bí a ṣe ń tò ó. Ẹrù tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbé kì í ṣe tiwa. Àwọn àlejò láti ibòmíràn ló ni ín. Tiwa ni pápá, kọ́kọ́rọ́ géètì, àti òṣùwọ̀n. Máfikún a máa ní, "Nínú àjọṣe yìí, ẹnìkan mú ẹṣin wá, ẹnìkan mú ẹni tó máa gùn ún wá. Àwa la mú ibi tí ẹṣin á yàgbẹ́ sí wá." Gbogbo gbọ̀ngàn á rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò ní rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tiwa, èmi àti òun, ni láti wọn ẹrù. Kò sí ẹrù tó ń wọ inú rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a kì í kọ́kọ́ wọ̀n, nítorí bí ẹrù bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n ṣe ń bu epo. Bí ìwọ̀n bá yẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì lè má dé ibi tó ń lọ, kó sì wá já lé orí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí kí n tó dé ibẹ̀: ẹnìkan sọ nọ́ńbà sí ẹnìkejì létí, ẹni yẹn kọ òmíràn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi àṣà kan lélẹ̀. Ẹrù á wà lórí àwo òṣùwọ̀n. Apè, ìyẹn Máfikún, á gun àkàbà onírin kékeré kan, á kọjú sí ojú òṣùwọ̀n. Akọ̀wé, ìyẹn èmi, á jókòó sídìí tábìlì nísàlẹ̀, á kẹ̀yìn sí òṣùwọ̀n, kí ojú rẹ̀ má baà tan ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Apè á pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta, sókè, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, akọ̀wé á pè é padà kó tó kọ ọ́. Bí apè bá gbọ́ nọ́ńbà tirẹ̀, á ní, "Ó pé," á sì sọ̀ kalẹ̀. Ìdáhùn tó bá dé lẹ́yìn tí apè bá ti sọ̀ kalẹ̀, òfo ni.

"Òṣùwọ̀n kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́," ohun tí Máfikún máa ń sọ nìyẹn.

Ẹrù mẹ́tàlélógún la jọ wọ̀n láàárín ọdún mẹ́fà. Ohùn wa kò yàtọ̀ síra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹrù kẹrìnlélógún ló dé pẹ̀lú aṣọ dúdú lórí.

Àwọn àlejò tó gbé e wá pọ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lo gíláàsì ojú tó nípọn bí ìdí ìgò, a sì sọ ọ́ ní Onígíláàsì. Ìwé tí wọ́n mú wá sọ pé sátẹ́láìtì tí yóò máa wo òjò ni, àti bí irúgbìn ṣe ń hù. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àgádágodo tiwọn ti yàrá ibi tí wọ́n gbé e sí, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa wọ ibẹ̀. Àwọn àlejò fúnra wọn ló ń gbálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìgbálẹ̀ lé èjìká bí ìbọn, ó ní, "Òjò wo ló wá ń tijú báyìí?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa àwọn aládùúgbò wa. Orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn odò àti tiwa ti jà rí. Nígbà tí ìjà parí, wọ́n kọ ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ gbé ojú amí gòkè, tàbí kó bá ẹlòmíràn gbé e, láti máa fi wo ilé ẹnìkejì. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ wọn ẹrù, aṣojú wọn á wá jókòó, á gbọ́ nọ́ńbà náà ní etí ara rẹ̀. Nọ́ńbà ló ń sọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Sátẹ́láìtì tó ń wo òjò kì í tẹ̀wọ̀n púpọ̀. Èyí tó fẹ́ ka orí èèyàn láti ojú sánmà nílò gíláàsì ńlá nínú, gíláàsì sì wúwo. Nínú ìwé àlejò, ẹgbẹ̀rún kan, igba àti ogójì kílò ni. Ìyẹn ni ìjọba wa kọ ránṣẹ́ sí aládùúgbò.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìwọ̀n, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe èmi àti Máfikún sí ọ́fíìsì rẹ̀. A bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó gbé báàgì aláwọ dúdú lé orí itan, tó dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tó ń sunkún. Láti ọ̀dọ̀ ìjọba ló ti wá. Kò sọ orúkọ, kò sì sọ ipò.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń pè é?" ó bi Máfikún.

"Èmi ni."

"Ó dáa. Lọ́jọ́bọ̀, ẹgbẹ̀rún kan, igba àti ogójì ni ẹ máa pè."

Máfikún wo ọ̀gá àgbà, ó wo ọkùnrin náà. "Ẹ̀yin ti wọ̀n ọ́n ni?"

"Bàbá, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi kì í wọn ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sórí àwo. Eléyìí ò lè tó ọgọ́rùn-ún gíráàmù."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, ó rántí ẹni tó jókòó, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Oníbáàgì kò bínú. Ó sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ wa. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwa ò lójú lókè. Àwọn ọ̀rẹ́ wa yìí lójú, wọ́n sì fẹ́ bá wa pín in. Àwòrán tí wọ́n bá yà, wọ́n á fún àwa náà. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ìlú yín mọ ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń ṣe lẹ́yìn odò ni?"

"Mo fẹ́," ni Máfikún wí. "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú ni, màá sì wọ̀n ọ́n bí ojú. Òjò lẹ kọ. Bí òjò bá wá tẹ̀wọ̀n bí ojú, ẹ̀bi òṣùwọ̀n kọ́."

"Máfikún," ọ̀gá àgbà ní, "ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ o."

"Ọ̀gá, ẹnu tí ẹ gbà síṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ẹnu ni mò ń ṣe níbí."

Ó kí wọn, ó jáde. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ lé e, Oníbáàgì ní, "Akọ̀wé, dúró."

Ohun tó sọ fún mi kò pọ̀. Ó ní àwọn àlejò máa mú ẹni méjì lára wa lọ sí ìlú wọn láti lọ kọ́ṣẹ́, pé orúkọ mi ni àkọ́kọ́ nínú ìwé náà. Ó ní kí n fetí sílẹ̀ dáadáa: bí èmi àti Máfikún bá pe nọ́ńbà kan náà tí kò bá tinú ìwé mu, àwa méjèèjì la máa wọ ẹ̀wọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi á sì wà nílé láìní ọkọ, láìní àbúrò. Ṣùgbọ́n bí èmi bá dáhùn bó ṣe yẹ, ìwé mi ni wọ́n máa gbà. Wọ́n á ní àárẹ̀ ló mú bàbá, ojú ń dùn ún, kó lọ sinmi nílé. "Ìwọ lo máa gbà á là," ó ní.

Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo ti wá dàgbà tó láti má purọ́ fún ara mi mọ́, mo lè sọ ọ́ dáadáa: mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. Ó wò mí. "Kí ló dé tí ojú ẹ rí bẹ́ẹ̀? Ta ló bá ẹ jà?"

"Kò sí o, àárẹ̀ ni."

"Àárẹ̀ ìjókòó! Ẹni tó ń dúró lórí àkàbà ò sọ pé ó rẹ òun."

Máfikún wà ní ìta, ó ń fi omi wẹ bàtà rẹ̀. Ó pè mí sọ́dọ̀. "Mo máa pè é bó bá ṣe wà," ó ní. "Mo mọ̀ pé wọ́n máa bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò ríran. Bí ẹni méjì bá sọ ọ́ létí aládùúgbò, létí gbogbo gbọ̀ngàn, kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ìwọ ṣáà dáhùn. Bí apè bá ń pè tí kò sí ìdáhùn, kì í ṣe ìwọ̀n mọ́, ariwo ni."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bọ̀ọ̀dá."

Ó fi bàtà tó mọ́ náà síbi oòrùn díẹ̀ tó kù. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá wa, mo sì gbọ́ bó ṣe ń hanrun.

Lọ́jọ́bọ̀, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n fọ ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Onígíláàsì àti àwọn èèyàn rẹ̀ dúró lápá kan. Aṣojú aládùúgbò jókòó lápá kejì, ògbifọ̀ rẹ̀ tẹ̀ sí i létí. Oníbáàgì wà lẹ́yìn gbogbo wa. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé ẹrù náà pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀ sórí àwo, irin ń ké. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo kẹ̀yìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Máfikún lórí àkàbà: ìgbésẹ̀ kan, èkejì, ẹ̀kẹta.

Ó dákẹ́ títí ọwọ́ òṣùwọ̀n fi dúró. Ó wá pè é.

"Ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀ọ́dúnrún àti méjìdínlógún!"

Kílò méjìdínlọ́gọ́rin ti wà lábẹ́ aṣọ yẹn tí kò sí nínú ìwé.

"Ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀ọ́dúnrún àti méjìdínlógún!"

Mo rí ọwọ́ mi tó di bírò mú.

"Ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀ọ́dúnrún àti méjìdínlógún!"

Mo la ẹnu mi, mo sì dáhùn, ohùn mi sì já gaara, kò wọ́ rárá: "Ẹgbẹ̀rún kan, igba àti ogójì."

Mo kọ ọ́.

N kò gbọ́ "Ó pé." Mo gbọ́ tí irin àkàbà dún bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ ṣe yí padà. Láàárín ọdún mẹ́fà, kò kọjú sí mi rí láti orí àkàbà. Kò pariwo. Ó pè é nígbà kẹrin, jẹ́jẹ́, kì í ṣe fún gbọ̀ngàn mọ́. Èmi ló ń pè é fún. "Ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀ọ́dúnrún àti méjìdínlógún, àbúrò mi."

Mo wo ìwé mi.

"Àárẹ̀ ti mú bàbá," ni ọ̀gá àgbà sọ, ó pàtẹ́wọ́. "Ojú ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí. Ìwé akọ̀wé la ó lò."

Máfikún kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó di ọwọ́ àkàbà mú, ó ń dúró de ìdáhùn. Ọkùnrin méjì ló wá gbé e sọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ẹni gbé àga.

Mo ti rò pé aṣojú aládùúgbò á fò dìde, á ní òun gbọ́ nọ́ńbà méjì. Ó wo Máfikún, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì buwọ́ lu ìwé. Ó tó ọdún mẹ́rin kí n tó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò ti ṣèlérí fún orílẹ̀-èdè tirẹ̀ náà pé àwọn á fún wọn ní àwòrán tiwa. Gbogbo ẹni tó wọṣọ ire nínú gbọ̀ngàn yẹn ló mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Àwa tí a wọ aṣọ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe eré náà fún.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà tí n kò lè gbàgbé láé. Àwọn tó ń bu epo dé, wọ́n ní èló ni kí àwọn bù? Ọ̀gá àgbà kò lè fún wọn ní nọ́ńbà tèmi. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í gba irọ́. Ló bá mú ìwé epo lọ sí yàrá tí a ń kó irinṣẹ́ sí, níbi tí wọ́n ti fi Máfikún sí pẹ̀lú ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó kọ nọ́ńbà gidi síbẹ̀. Máfikún sì kọ ọ́. Agbálẹ̀ tó gbé omi lọ fún un ló sọ fún mi. Ó ní òun bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ fún wọn?" ó sì dáhùn pé, "Àwọn apẹja tó wà lábẹ́ ọ̀nà tó máa gbà kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí."

Lówùúrọ̀ Sátidé, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra láìyẹ̀ níbì kan. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Òótọ́ Máfikún ni wọ́n fi gbé irọ́ wọn gòkè.

Wọn ò jẹ́ kó lọ sinmi nílé. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ẹ̀sùn méjì: pé ó purọ́ níwájú àlejò, àti pé ó tú àṣírí ìlú. Mo ti wọ bàálù kí ẹjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré lẹ́yìn ìwọ̀n ni wọ́n fi pásípọ́ọ̀tù lé mi lọ́wọ́. Lẹ́tà ni mo fi gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín kóòtù, ó ní, "Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Bí irọ́ ni, báwo ló ṣe di àṣírí? Bí àṣírí ni, báwo ló ṣe di irọ́?" Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní kí wọ́n mú un jáde.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Agbẹjọ́rò ní ìlà kan ló kù. Kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ohun tí apè pè ni òun gbọ́, kó sì buwọ́ lù ú. Ìlà kan péré, àbúrò mi. Ìwọ tí o máa ń kọ̀wé fún gbogbo ayé."

Mo gbé lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo ní màá fèsì lọ́la. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo ra aago ọwọ́ kan, mo fi ránṣẹ́ sí Máfikún. Àpótí rẹ̀ padà dé bó ṣe lọ, wọn ò tilẹ̀ tú okùn rẹ̀. Ọdún méje ni wọ́n dá fún un, ó sì ṣe é pé, kò dín lọ́jọ́ kan. Ẹni tí kì í fi kún, wọn ò yọ fún un.

Níbi tí mo wá, wọn ò fún mi ní òṣùwọ̀n kankan. Yàrá kan ni wọ́n mú mi lọ, tí kọ́tìnnì rẹ̀ kì í ṣí, tí tábìlì rẹ̀ ní iná nínú. Onígíláàsì ni ọ̀gá ibẹ̀. Àwòrán tí ojú yẹn bá yà láti òkè ni wọ́n máa ń tẹ́ síwájú mi, iṣẹ́ mi sì ni láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ilé ìwé nìyí, bárékè nìyí, ọ̀nà yìí kì í ṣeé gbà bí òjò bá rọ̀. Mo ti rò pé ilẹ̀ ẹ̀yìn odò ni n ó máa wò. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí i pé ilẹ̀ tiwa ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo bi Onígíláàsì lẹ́ẹ̀kan pé nígbà wo ni àwòrán á dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa, bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Mo ní a máa ń sọ nílé pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ṣebí ọmọ ìlú yẹn ni ẹ́?" ó ní. "O sì ń rí i lójoojúmọ́. Ìlú yín ń rí i nìyẹn."

Ọdún kẹsàn-án mi níbẹ̀, wọ́n tẹ́ àwòrán kan síwájú mi lówùúrọ̀. Mo mọ àdúgbò náà kí n tó tẹ̀ sí i: ọ̀nà tó yí bí ìgbọ̀nwọ́, pápá, géètì, lẹ́yìn náà òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ní ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé mọ́kànlá sí géètì náà. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà funfun kọ nǹkan sórí páànù náà. Ó tóbi, ó gba òrùlé náà láti igun dé igun. Nọ́ńbà mẹ́rin ni. Ọ̀kan, ẹ̀ta, ọ̀kan, ẹ̀jọ.

Onígíláàsì dúró lẹ́yìn mi. "Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ní àmì kan wà lórí òrùlé yìí. Wọ́n ní bóyá fún àwọn ọmọ ogun ni. Kí ni?"

Mo ní ẹnu. Ẹnu náà sì wà ní ojú mi bó ṣe yẹ kó wà. Kò sí Oníbáàgì nínú yàrá yẹn, kò sí ẹ̀wọ̀n tó ń dúró dè mí. Ìlà kan péré ni.

"Nọ́ńbà ilé ni," mo ní.

Ọkùnrin yìí wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Òun ló gbé ẹrù náà wá. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó jù ú lọ.

"Nọ́ńbà ilé," ó ní. "Àdúgbò yín gùn o." Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, ó gbé àwòrán náà lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ọkùnrin orí àkàbà yẹn," ó ní, "òun ló yẹ ká ti mú wá." Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń wá òrùlé náà. Lọ́dọọdún, ọ̀dà rẹ̀ á ṣá, á fẹ́ parẹ́, lẹ́yìn náà màá rí i tó tún funfun báláú. Ní ọdún kẹtàlá, ojú yẹn já bọ́ láti òkè, ó jóná kó tó kan ilẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. N kò rí òrùlé náà mọ́.

Lóṣù tó kọjá, tẹlifóònù mi dún. Ohùn arúgbó obìnrin kan ni. Kò pe orúkọ ara rẹ̀, kò sì pe tèmi.

"Bọ̀ọ̀dá rẹ kú," ó ní. "A ti sin ín."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.

"Nítorí òrùlé ni mo ṣe pè ẹ́," ó ní. "Mo fẹ́ bi ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan kí èmi náà tó lọ. Láti ìgbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé ló ti ń gun òrùlé yẹn, lọ́dọọdún, tòun ti korobá ọ̀dà. Mo ní, 'Bàbá, ẹ máa já bọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.' Á ní àbúrò òun ń wò. Mo ní ṣebí wọ́n ní nǹkan yẹn ti jóná. Ó ní bí ọ̀kan bá jóná, wọ́n á gbé òmíràn sí i, pé àwọn èèyàn yẹn kì í fẹ́ fọ́jú." Ó mí. "Ó lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń gun àkàbà. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"O rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo wá sọ fún wọn?"

Mo sọ fún un. Mo ní nọ́ńbà ilé ni mo pè é. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀.

Kò bú mi. Ìbá bú mi ni. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì gbọ́ ẹnìkan tó ń gbálẹ̀ lọ́nà jíjìn, ní ilé tí n kò ní tún wọ̀ mọ́. Ni mo bá dìde dúró nínú yàrá mi, mo gbé ohùn sókè bí a ṣe máa ń gbé e ní gbọ̀ngàn, mo ní, "Ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀ọ́dúnrún àti méjìdínlógún!"

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí ohùn mi rọlẹ̀.

"Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbé e sọ̀ ni," ó ní. "Kò sọ̀. Gbogbo ọdún yìí, orí àkàbà yẹn ló wà. Ìwọ lo mọ òfin iṣẹ́ yín jù mí lọ, akọ̀wé." Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá ló sọ̀ kalẹ̀."